Kí Ẹ Tó Fi Kọ́kọ́rọ́ Bọ́ọ̀sì Akérò Lé Dírẹ́bà Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló máa ń fi oṣù méjì sí mẹ́ta wá bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n á mú mẹkáníìkì dání, wọ́n á fa gééjì ọ́ìlì yọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀ kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa fa ọkọ̀ ọ̀hún lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni: "Ìyá Ṣẹ́gun ló mú un wá, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọlúàbí ni." Wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́ fún un nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá wá di ẹrù mẹkáníìkì láàárín ọdún kan, wọ́n á ní dírẹ́bà burú. Nígbà mìíràn ó burú lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kò dán an wò, wọ́n sì dá owó lé e lórí tí ọ̀nà kò lè mú wá. Ohun méjì yìí ló ń pa bọ́ọ̀sì ju jìbìtì lọ.

Bọ́ọ̀sì Hiace elérò 14 tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Òpópónà márosẹ̀ yẹn tó kìlómítà 127. Tí ẹ bá fi ìrìn inú ìlú kún un, láti Ọjọ́ta títí dé Ìwó Road, ẹ ka àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí 270. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó di 1,620. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní 5,000 kìlómítà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ́ìlì yín lè lò. Tí dírẹ́bà bá ń lọ, tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́kọ̀ tó ń sọ pé "oṣooṣù la máa ń sáfíìsì ọkọ̀" kò tíì ṣe ìṣirò yìí. Ẹ ṣe é kí ẹ tó wá dírẹ́bà, torí ìṣirò náà ló máa sọ irú ẹni tí ẹ ń wá fún yín. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá wa dánfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ìyánà-Ìpájà mọ ọkọ̀ wà, kò sí àníàní, àmọ́ ìrìn kúkúrú, dúró-lọ, dúró-lọ, ló mọ́ ọn lára. Wákàtí méjì lórí márosẹ̀, láàárín tírélà àti tánkà, iṣẹ́ mìíràn ni.

Láísẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ sì má wo fọ́tò orí rẹ̀ nìkan. Lẹ́tà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún onítọ̀hún láti wà. A ni ti ọ̀kadà. B ni ti ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò kan takisí àti bọ́ọ̀sì akérò. C gba ọkọ̀ akérò tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. E gba èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ náà, G sì ni ti tírélà. Hiace tí èrò àti ẹrù kún inú rẹ̀ wà létí tọ́ọ̀nù mẹ́ta, nítorí náà E ni kí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò kiri, B ló wà lápò wọn.

Èyí ju ọ̀rọ̀ owó ìtanràn lọ. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ béèrè ni láísẹ́ǹsì ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Tí lẹ́tà orí rẹ̀ kò bá bá ọkọ̀ mu, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n ti rí ọ̀nà àtisá nìyẹn. Bákan náà ni ínṣọ́ránsì fúnra rẹ̀: ti ọkọ̀ tó ń kérò lẹ gbọ́dọ̀ rà, kì í ṣe ti ọkọ̀ adáni tí wọ́n fi owó díẹ̀ tà fún yín. Ojúlé tí FRSC, ìyẹn àwọn Róòdù Séfétì, ń lò fún láísẹ́ǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí onítọ̀hún síbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó jáde bá ti NIN rẹ̀ mu. Ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n ń fún un, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ akérò ní Èkó tún gbọ́dọ̀ ní káàdì LASDRI, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń dá àwọn awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà, ojú. Ẹ ní kí ó dúró ní mítà 20 sí ọkọ̀ mìíràn, bí ẹsẹ̀ ìrìn 25, kó ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, ẹ tún ṣe é nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ibí yìí ni ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀, pàápàá tí ẹni tó wá gbaṣẹ́ bá ju wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Báwo lèèyàn á ṣe máa bi bàbá tó tó bímọ ẹni pé kí ni wọ́n rí? Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ pè wọ́n ní bàbá, kí ẹ sì yẹ ojú wọn wò. Tí ẹ bá ní agbára rẹ̀, ẹ san owó dókítà ojú fún wọn, torí àrùn glaucoma máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn ni dírẹ́bà sì fi ń rí ọ̀kadà tó fẹ́ já wọlé.

Ìdánwò ojú ọ̀nà wá ni kókó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń ré kọjá jù. Bọ́ọ̀sì òfìfo máa ń tan ènìyàn jẹ. Bíréèkì rẹ̀ máa ń mú kíá, kì í yí gbirigbiri nínú kọ́nà, ẹnikẹ́ni ló lè wà á dáadáa. Ẹ di ẹrù sí i. Àpò sìmẹ́ǹtì 20, kìlógíráàmù 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn sì súnmọ́ ìwọ̀n èrò 14 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 70. Ẹ tò ó káàkiri inú ọkọ̀, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Tí kò bá sí sìmẹ́ǹtì, iyanrìn inú àpò náà á ṣe é.

Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ní "ó yá, ká lọ," kí ẹ wá dákẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ á sọ púpọ̀ fún yín. Ẹni tó mọ ọkọ̀ tọ́jú á kọ́kọ́ rọ̀gbà yí i ká. Á wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń jò, á fa gééjì ọ́ìlì, á wo omi rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, á wo òróró bíréèkì nínú ike rẹ̀, á fọwọ́ tẹ fánbẹ́ẹ̀tì, á wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ́sítírà, á fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Á béèrè jáàkì, sípánà, síkọ́ọ̀ṣọ̀n onígun mẹ́ta àti agolo apaná. Tó bá ti gbéra tán, kó tó wọ títì, á tẹ bíréèkì wò. Ẹni tó bá kàn wọlé, tó tan án, tó sì fi jíà sí i, irú ìwà tó máa hù lójoojúmọ́ tí ẹ kò bá sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mú un gba ibi tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ní kó dúró sídajì òkè, kó tún gbéra. Tí ọkọ̀ bá yí sẹ́yìn, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ké gooro tí òórùn jíjóná bá sọ, kílọ́ọ̀ṣì yín kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lórí ọ̀nà tó tẹ́: ṣé ó gbé e kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, àbí ó gbé e lé e ṣáá? Àìmọye kílọ́ọ̀ṣì tó ń kú ní oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ tó ń sinmi lórí rẹ̀ ló pa á. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó fi jíà kékeré mú ọkọ̀, àbí ó fà á sí jíà òfo kí epo má baà jó. Ti jíà òfo yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì léwu: bíréèkì nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù náà, á gbóná, á sì já sófo ní ìsàlẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù.

Lórí márosẹ̀, ẹ wo àyè tó fi sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú. Tí ọkọ̀ yẹn bá kọjá òpó kan, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin láìkánjú. Tí bọ́ọ̀sì yín bá dé ibi òpó náà kí ẹ tó ka ẹ̀ta, ó ti súnmọ́ jù, tí òjò bá sì ń rọ̀, kó tó ẹ̀rin dáadáa ni. Eré bọ́ọ̀sì lórí márosẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 90, nínú ìlú 50. Ẹ wo iye ìgbà tó wo dígí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹni tó gbé fóònù nígbà tí ọlọ́kọ̀ jókòó tì í, kí ni kò ní ṣe nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan?

Tí ẹ bá padà dé, ẹ bi í ní ìbéèrè mélòó kan, kí ẹ má fi ṣe ìdánwò ilé ìwé. "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ wà ní Kara, abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí lẹ máa ṣe?" Ìdáhùn tó tọ́ ni pé òun á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ èrò kalẹ̀ síbi tí ọkọ̀ kò ti lè gbá wọn, á dúró tó ìdajì wákàtí kó tó ṣí rédíétọ̀. Tó bá ní òun á rọra máa lọ títí dé Mọ́wé, tàbí òun á da omi tútù sí i lójú ẹsẹ̀, owó tọ́ọ̀pù sílíńdà ti ń bọ̀ lọ́nà. Irin tó gbóná tí omi tútù kàn lójijì máa ń tẹ̀, ó sì lè sán. Ẹ bi í nípa táyà tó bẹ́ lórí eré. Kó ní òun á di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, òun á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù díẹ̀díẹ̀, òun kò ní tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbì. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe Róòdù Séfétì. 122 ni. Ẹ wá tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú DOT lára táyà, ẹ ní kó kà á: 2321 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe táyà náà. Dírẹ́bà tó mọ èyí kò ní jẹ́ kí wọ́n ta táyà tòkunbọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá fún yín gẹ́gẹ́ bí tuntun.

Oníduró méjì tó. Kí ọ̀kan jẹ́ mọ̀lẹ́bí, kí èkejì jẹ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ tí kò ṣeé gbé sá. Ẹ dé ilé wọn fúnra yín, torí òǹtẹ̀ lọ́yà lórí ìwé kò lè fi ibi tí ènìyàn ń sùn hàn yín. Èyí tó wúlò ju oníduró lọ ni ọlọ́kọ̀ tó gbà á ṣíṣẹ́ kẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: ìgbà wo ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló fà á, kí lẹ tún ṣe sára ọkọ̀ lẹ́yìn tó lọ? Ènìyàn lè parọ́ lórí méjì àkọ́kọ́ nítorí àánú tàbí ìbínú. Ẹ̀kẹta, owó ló máa jẹ́ kó rántí. Tó bá ní kílọ́ọ̀ṣì, gíábọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni òun pààrọ̀, ẹ ti gbọ́. Ẹ tún lọ sí gáréèjì rẹ̀ láago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ fún un. Bí ẹ bá bá a nídìí paraga, ìyẹn ọtí, kò sí ohun tí oníduró lè ṣe fún yín.

Ẹ má gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹni tó yá owó láti fi gbaṣẹ́ á wá ọ̀nà àtirí i padà lára ọkọ̀.

Owó ojúmọ́ ló kàn, èyí tí àwọn ará gáréèjì ń pè ní délífárì. Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é, kí oníkálukú wá fi ti ọ̀nà tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 5,000 náírà, èrò 14 lọ, 10 ló bọ̀. 120,000 nìyẹn. Epo lítà 30, ká ní 1,000 ni lítà kan, 30,000. Owó lódìn àti tíkẹ́ẹ̀tì ní ìpẹ̀kun méjèèjì, 15,000. Oúnjẹ àti ọkọ̀ fífọ̀, 5,000. Ó ku 70,000. Ọlọ́kọ̀ tó bá gba 60,000 rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gó-sílò bá mú wọn ní Ìbafo, tí èrò mẹ́jọ péré bá lọ tí mẹ́jọ bọ̀, 80,000 ló wọlé, ó ku 30,000 lẹ́yìn ìnáwó. Níbo ni dírẹ́bà á ti rí 60,000? Á sáré padà lóru. Á jókòó èrò mẹ́rin sórí àga ẹni mẹ́ta. Á sún ọjọ́ ìpààrọ̀ ọ́ìlì síwájú. Á fa jíà òfo. Á gbé ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní alẹ́ kó lè sùn wákàtí mẹ́ta. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ olè jíjà, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń jẹ ọkọ̀ yín, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀mí èrò wéwu.

Ohun tí mo gbà pé ó dára jù ni kí ẹ má dá délífárì kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ san owó iṣẹ́ ojúmọ́ fún un, kó máa kó gbogbo owó tó wọlé wá pẹ̀lú àkọsílẹ̀: iye èrò, epo, tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ 18 ni. Ẹ to ohun tó kù lójoojúmọ́ láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ wá mú ìkarùn-ún, tí ẹ bá kà á láti orí èyí tó kéré jù. Délífárì yín kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta iye yẹn lọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sí délífárì. Ẹ kọ èyí sínú ìwé. Nínú ohun tí ẹ̀yin náà bá gbà, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún táyà àti ọ́ìlì, sínú àpò báǹkì mìíràn, torí owó tó bá ti wọ ilé kì í jáde mọ́. Ti ẹni tó fẹ́ san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi di tirẹ̀, ìṣirò kan náà ni, àmọ́ kí ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín títí tó fi parí, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́ sílẹ̀ ní kedere.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí náà ni ẹ máa fi mọ iye epo tó ń jó. Ẹ kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kó lọ kó bọ̀, ẹ tún kún un dé ẹnu ní iléepo kan náà. Iye lítà tó wọlé ni ọkọ̀ jó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tí epo bá wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì, torí púlọ́ọ̀gì tó gbó, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré àti bíréèkì tó ń fà náà máa ń jẹ epo. Ẹ má fi olè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wo táyà. Tó bá jẹ ní etí méjèèjì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré. Tó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, aláínmẹ́ǹtì ni. Ọjọ́ tí ẹ bá ń fa ọkọ̀ fún un, ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà bátìrì àti DOT táyà márààrún sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá fi tráckà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, sí ọkọ̀, ẹ sọ fún un. Ẹ má ṣe fi fóònù pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀: bíréèkì àti ọwọ́ ọkọ̀ máa ń le gan-an tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú.

Tí ọkọ̀ yín bá ti di mẹ́ta sókè, ẹ nílò ẹni tó ń pín ọkọ̀ jáde, tó ń jókòó sí páàkì pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Òun ló ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà ẹbí wọn kí ọkọ̀ tó gbéra, òun ló ń kọ wákàtí tí dírẹ́bà jáde àti èyí tó wọlé. Ẹ má fi àbúrò dírẹ́bà síbẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣòro kan yanjú nígbà tó bá wá gbaṣẹ́: bọ́ọ̀sì kan kú sí Ògèrè pẹ̀lú èrò 14, ilẹ̀ ń ṣú, ta lo máa kọ́kọ́ pè? Tó bá ní mẹkáníìkì tàbí ọ̀gá, kò tíì yé e. Dírẹ́bà ni á kọ́kọ́ pè, kó rí i pé èrò ti kúrò lójú títì, pé síkọ́ọ̀ṣọ̀n ti wà lẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ọkọ̀ tó máa lọ gbé wọn, lẹ́yìn ìyẹn mẹkáníìkì, ọ̀gá ló máa gbẹ̀yìn.

Owó oṣù ni kí ẹ máa san fún ẹni tó ń pín ọkọ̀ yìí, kí ẹ má san án lórí iye ìgbà tí ọkọ̀ jáde. Tí owó rẹ̀ bá ń pọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń jáde, dírẹ́bà tó dé láti Ìbàdàn láago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, òun gan-an ló máa tún tì í padà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé ó lágbára láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹ̀, tó mutí, tàbí tí wákàtí ìsinmi rẹ̀ kò tó mẹ́jọ, àti pé kò ní pàdánù kọ́bọ̀ kan nítorí rẹ̀, kódà bí ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ bá pè é lórí fóònù pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ.